Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ wa ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ìkọlù Ọ̀wọ̀

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ wa, ìjọ Àgùdà kan tí kò tóbi, nínú Abẹ́òkúta níbí. Bí ẹ bá ṣí ìwé ìpàdé wa sí oṣù kẹfà ọdún 2022, ìlà mẹ́ta péré lẹ máa rí nípa ọjọ́ Àìkú tó bọ́ sí ọjọ́ kejìlá: "Ariwo kan sọ lásìkò Mísà. Àwọn èèyàn sáré. Ìyá àgbà kan fẹsẹ̀ rọ́, a sì ti gbé e lọ tọ́jú." Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ohun tí mo fò dá ju ohun tí mo kọ lọ. Láìpẹ́ yìí ni ìjọ kan ládùúgbò ní kí n wá ṣàlàyé bí a ṣe ṣètò ààbò tiwa. Mo ṣí ìwé náà, mo ka ìlà mẹ́ta yẹn, ojú tì mí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà. Ní ìjọ St. Francis tó wà ní òpópónà Ọwáluwà nílùú Ọ̀wọ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó, Mísà ti ń lọ sópin nígbà táwọn agbébọn dé. Wọ́n ju ohun abúgbàù, wọ́n sì ń yìnbọn lu àwọn tó wá jọ́sìn. 40 èèyàn ni gómìnà ìgbà náà, Rótìmí Akérédolú, padà kéde pé ó kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ kún ilé ìwòsàn St. Louis àti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú náà.

Ìrẹsì ọ̀fadà wà níwájú mi nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Gúrúùpù WhatsApp ìjọ, gúrúùpù àwọn tí a jọ kàwé, gúrúùpù ẹbí, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan fi fọ́tò ilẹ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ránṣẹ́. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mi ò wò ó mọ́. Mo ti tẹ́lẹ̀ ní kí àwọn ọmọ má dá oúnjẹ nù, èmi ni mo wá gbé tèmi padà sí kíṣìnnì.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà kò tó nǹkan lójú ẹni tí kì í ṣe Àgùdà. Kíkà kan náà ni gbogbo ìjọ wa ń kà lọ́jọ́ kan náà, ibi yòówù kí wọ́n wà. Aṣọ pupa tí Fáda wọn wọ̀ láàárọ̀ náà ni Fáda tiwa wọ̀. Ìtàn atẹ́gùn líle àti ahọ́n iná tí wọ́n kà ní Ọ̀wọ̀ la kà ní Abẹ́òkúta. Ó lè jẹ́ pé àwa àti àwọn jọ wà lórí ìlà kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Títí di ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti ní agbésùnmọ̀mí, Òkè Ọya lọkàn wa ń lọ. Ọ̀wọ̀ kì í ṣe Òkè Ọya. Ẹni tó bá gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà àti Àkúrẹ́ kọjá, díẹ̀ ló kù kó débẹ̀. A fọmọ fún wọn, wọ́n fọmọ fún wa.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú. Ìyá Aláró la máa ń pè é. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló lọ́kọ sí Ọ̀wọ̀, ìjọ St. Francis yẹn gan-an sì ni wọ́n ń lọ. Láti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló ti ń pè é, tí ìpè ò wọlé. Lọ́jọ́ Ajé, mo yà lọ kí i. N kò rò pé màá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo kàn ní kí n kọ́kọ́ yà síbẹ̀ ná kí n tó lọ sílé rẹ̀. Mo bá a. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgbọ̀nwọ́, ó ti po sódà mọ́ aró nínú ike ńlá, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan tó gbọ́dọ̀ jáde ní Sátidé ló ń rẹ. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Bí atẹ́gùn bá ṣe ń fẹ́ sí i ni yóò máa yí padà lójú ẹni títí yóò fi di búlúù. Ó ń fà á jáde, ó ń tú u, ó ń gbọ̀n ọ́n, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì jókòó sórí àpótí, ó ń bá a tẹ fóònù.

"Ìgbà kẹtàlélógún nìyí, mà," ni ọmọ náà wí.

"Tẹ̀ ẹ́ sí i."

Nígbà tí wọ́n gbé e, ọmọ náà fi fóònù sí i létí. Mo gbọ́ ohùn ẹni tó wà lọ́hùn-ún láti ibi tí mo dúró sí: "Ẹ̀gbọ́n, a wà láyé. Ara ọmọ ló gbóná, a ò lọ." Ìyá Aláró ò dáhùn. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì na síwájú, aró ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tó máa rántí ohun tó wà nínú ike, aṣọ márùn-ún ti pẹ́ jù níbẹ̀, aró ti mu wọ́n kọjá ohun tí oníbàárà fẹ́. Ó yọ wọ́n, ó wò wọ́n, ó ní kí ọmọ lọ pọn omi wá. Ó bá iṣẹ́ lọ.

Mo ń sọ èyí torí ohun tí mo máa ń kà nínú ìwé ìròyìn lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí, pé àwọn ará ìlú ò mikàn, pé wọ́n ń bá ìgbésí ayé wọn lọ bí akin. Ẹ jọ̀ọ́. A mikàn dáadáa. Aṣọ ẹbí gbọ́dọ̀ jáde ni. Ọjà Láfẹ́ńwá ná lọ́jọ́ Ajé yẹn, àwọn onímícrà ń pe èrò ní Kútọ̀ àti Páńṣẹ́kẹ́, àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Ohun tó yí padà kò ṣeé rí láti inú mọ́tò. Kí ọjọ́ Ajé tó parí, ìkíni tuntun ti wọ ìlú: "Ẹ kú ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀." Ẹ mọ̀ wá, kò sí ohun tí a kì í rí "ẹ kú" fún. Oníbúrẹ́dì kí mi bẹ́ẹ̀, lèmọ́mù tó ń gbé ní ìdojúkọ ilé wa kí mi bẹ́ẹ̀, ó dúró, ó sì mi orí fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, reluwé ló máa ń wọ̀ láti ibùdókọ̀ Ládèrin. Òun ló là mí lójú sí nǹkan kan. Lẹ́yìn tí wọ́n kọlu reluwé Abuja sí Kaduna lọ́jọ́ 28 oṣù kẹta ọdún kan náà, kò fi reluwé sílẹ̀, owó mọ́tò ò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Àmọ́ kò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́. Oṣù kan gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó fura sí ara rẹ̀. "Ẹ máa wò ó lọ́jọ́ Àìkú," ló wí fún mi, "ẹ máa wo ibi táwọn èèyàn bá jókòó sí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje oṣù náà, ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé. A pọ̀ ju bí a ṣe máa ń wá lọ. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní géètì méjì: ti iwájú tó kọjú sí títì, àti ti ẹ̀yìn tó já sí àárín ilé, níbi tí àwọn tó ń gbé òkè ń gbà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀kùn mẹ́ta, ńlá kan níwájú, kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ dìde, ó rán wa létí pé ní 1851, nígbà tí ọmọ ogun Dàhómì wá ká Ẹ̀gbá mọ́lé, ẹnubodè Aró ni wọ́n ti pàdé wọn. "Odi ló gbà wá," ni bàbá wí. Ìyá kan tó ń ránṣọ ní Ìjẹ̀mọ̀ fèsì láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, kì í ṣe odi nìkan o, àwọn tó wà lórí odi ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó.

Èmi ni mo dá àbá tí a padà gbà. Mo ní kí a ti géètì ẹ̀yìn pa, kí a fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí gbogbo ènìyàn máa gba iwájú wọlé, kí wọ́n sì máa yẹ báàgì wò níbẹ̀. Mo tún ní kí àwọn tó ń tajà lẹ́nu géètì kúrò. Ó dùn létí, a dìbò, ẹnì kan péré ni kò nawọ́. Ìyá aránṣọ ni.

Ẹni tó wà lẹ́nu géètì wa kò ju ẹyọ kan lọ. Ìyá Alákàrà. Mùsùlùmí ni, ó ti ń dín àkàrà níbẹ̀ kí Fáda tó wà níbẹ̀ báyìí tó dé, kódà kí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ tó dé. Èmi ni wọ́n rán sí i. Ó ń po ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́, kò dúró. Ó bi mí pé, "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ àbí Fáda?" Mo ní ìgbìmọ̀ ni. "Ìgbìmọ̀," ló tún un pè, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò bóyá iyọ̀ tó o. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti kó agbada rẹ̀ lọ sí ìkóríta, níwájú mọ́ṣáláṣí.

Ọjọ́ kejìlá dé. Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa ni, ní ìlú MKO Abíọ́lá, ọdọọdún ni ọjọ́ náà máa ń ní ariwo tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ láàárọ̀ yẹn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo wo ibi táwọn èèyàn jókòó sí. Àga mẹ́fà àkọ́kọ́ ṣófo. Àwọn ìyá tí wọ́n máa ń bá ara wọn jà sí ìlà kejì wà nítòsí ilẹ̀kùn ńlá, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dúró lẹ́yìn pátápátá. Àwọn tó ní ọmọ kékeré gbé wọn lé itan, àní ọmọ ọdún méje. Èmi fúnra mi, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ àwọn akọrin ni ìjókòó mi láti ọdún yìí wá, mo bá ara mi ní ìdí òpó. Òpó yẹn nípọn. Mi ò purọ́, mo ti wo bó ṣe nípọn tó.

Fáda ti wàásù tán. A ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ lọ nígbà tí ìró irin kọ́kọ́ dún lẹ́yìn: gbàà! Ohùn wa lọ sílẹ̀. Gbàà! Gbàà! Ẹnì kan kígbe pé, "Wọ́n ti dé!" Títí di òní, kò sẹ́ni tó gbà pé òun ni.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ìró náà ti ẹ̀yìn wá, àwọn tó wà lẹ́yìn bá ń sáré bọ̀ níwájú, àwọn tó wà níwájú sì ń sáré lọ sí ilẹ̀kùn ńlá. Wọ́n pàdé láàárín. Àwọn tó gbọ́n yà sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Àgádágodo tí mo dá lábàá wà lára ilẹ̀kùn yẹn, ó ń dán, ó ṣì ní bébà tí wọ́n fi tà á lára. Mo rí ọkùnrin kan tó fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn náà bí ẹni pé ó jẹ gbèsè rẹ̀. Èrò ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń tì í mọ́ pátákó. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ wọ́dìn. Wọ́dìn wà ní géètì iwájú, ó ń yẹ báàgì wò. Ìgbà tó máa fi ti àárín èrò wọlé, kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ìdè ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀kùn náà, torí ọjọ́ Sátidé ni wọ́n rà á.

Ká ní ìbọn ni, mi ò gbọdọ̀ parí gbólóhùn yìí.

Olórí àwọn akọrin obìnrin ló ń lu géètì ẹ̀yìn. Ilé rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, ọ̀nà ibẹ̀ ló ń gbà láti kékeré. Ó ti lọ sí ìsìnkú ní Ìbàdàn, kò sí lórí gúrúùpù WhatsApp, kò gbọ́ pé a ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ dé, ó bá àgádágodo, inú bí i, ó mú òkúta.

Fáda kò kúrò nídìí pẹpẹ. Ó ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ṣubú, a ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ara rọlẹ̀, a rí i pé ìyá àgbà kan ti fẹsẹ̀ rọ́, ọmọ méjì ń wá ìyá wọn, bàtà mẹ́sàn-án sì wà nílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀ṣì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ní èkejì nítòsí. Wọ́dìn kó wọn síbi àtẹ ìwé, ẹni tó ni ín ń wá mú un pẹ̀lú ìtìjú. A bẹ̀rẹ̀ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ sílé àfi àwọn tó gbé ìyá àgbà lọ sí ọsibítù. Owó tí a dá lọ́jọ́ náà sì ju ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú lọ, ẹni tó bá mọ ìdí kó sọ fún mi.

Ọjọ́ Ajé jẹ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbìmọ̀ tún pàdé, wọ́n ò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Mo dìde, mo ní àbá mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá olùkọ́ ní kí n jókòó, pé gbogbo wa la nawọ́. Ìyá aránṣọ ò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó sọ̀rọ̀.

A ṣí ohun gbogbo padà. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò ní àgádágodo mọ́, ìkọ́ irin tó wà nínú ló ní, ọmọdé lè ṣí i. Bí Mísà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń dúró ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe láti yẹ báàgì wò, láti ṣí i ni. Kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ńlá, aṣọ pupa kékeré ni a so mọ́ ọn, gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n. A kó àwọn àga tó dí àárín kúrò. Èyí tó ṣòro jù ni pé kí á lọ bẹ Ìyá Alákàrà.

Èmi àti ìyá aránṣọ la lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a bi wọ́dìn pé ẹni mélòó ló yẹ báàgì rẹ̀ wò tí kò mọ̀ rí, ó ní òun ò lè sọ, pé òun ò mọ ìdajì àwọn tó ń wá Mísà kejì. Ìyá aránṣọ wá ní, "Ìyá Alákàrà mọ̀ wọ́n." Òótọ́ ni. Ó mọ ẹni tó ń wá, ó mọ ọmọ ta ni, ó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè àkàrà láti oṣù kejì. Àwọn agbófinró ò lè mọ ìyẹn láé.

A kúnlẹ̀ dáadáa, àgbà ni. Ó jẹ́ kí a kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ ti wá rí i pé bọ́ǹbù ò sí nínú ẹ̀wà mi?" Ìyá aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa padà, àmọ́ wọ́dìn ló máa wá gbé agbada.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n sìnkú àwọn tó kú ní Ọ̀wọ̀. A wò ó lórí tẹlifíṣàn nílé Fáda. Ìyá Aláró lọ fúnra rẹ̀, ó sì kó aṣọ márùn-ún tó bàjẹ́ yẹn dání, ó ní aṣọ ọ̀fọ̀ ni wọ́n jọ. Nígbà tó dé, mo bi í bí ìlú ṣe rí. Ó ní, "Ọjà Ọba ná. Wọ́n ń ta iṣu." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo ra mẹ́ta." Àbúrò rẹ̀ ò tún jọ́sìn nínú ilé yẹn títí di ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2023 tí wọ́n ṣí i padà.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni àjọ̀dún Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Olúwa, ọjọ́ tí a máa ń gbé Sákírámẹ́ǹtì yí àdúgbò ká pẹ̀lú orin. Àwọn kan ní ká ṣe é nínú ọgbà lọ́dún yìí. Fáda ní ká jáde, àmọ́ ká má dé ọ̀nà títì ńlá. A gba géètì ẹ̀yìn jáde, a yí òkè ká, a gba iwájú wọlé. Àwọn èèyàn ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mọ́ṣáláṣí kan tí a ò pè dúró sí ìkóríta, wọ́n ń dá ọ̀kadà dúró fún wa.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alákàrà, ó ti gbé agbada kúrò lórí iná, ó dúró. Bí mo ṣe ń kọjá, ó fà mí láṣọ. "Akọ̀wé. Ẹni tó wọ bùbá funfun yẹn, lẹ́yìn àwọn akọrin. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Mo sá lọ bi Fáda. Àbúrò Fáda ni, òru àná ló dé láti Benin. Mo padà wá sọ fún un. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó gbé agbada padà sórí iná, ó ní kí n ní kó wá jẹ àkàrà, pé kó tún má gbàgbé owó.